Tíréè Kẹ́hìndé

Mo rántí ìgbà tí mo ń ti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn ní Ọ̀yọ́, tí mo ń ra tíréè bíà àtijọ́, àwọn onírin tí wọ́n ya àwòrán ìpolówó sí nínú. Àsìkò SAP ni, ọ̀pọ̀ ilé ọtí ti kógbá wọlé. Bàbá oníṣòwò kan ní Takie, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ló ń rà wọ́n lọ́wọ́ mi, òun náà á tà wọ́n fún àwọn òyìnbó.

Lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, mo bá màmá kan tó ti ta ọtí rí. Tíréè kan wà lórí àpótí wọn, ọmọbìnrin kan ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ẹ̀wà sísè díẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Mo kí wọn, mo ní kí wọ́n tà á fún mi.

"Ti Kẹ́hìndé ni," ni wọ́n wí. "Kẹ́hìndé wá igi lọ."

Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní màá dúró dè é. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi ń wọ̀, mo tiẹ̀ ń bínú sí ọmọ tó pẹ́ nídìí igi. Táíwò ọmọ wọn ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? A kì í ní ìbejì kú. A máa ń ní ó wá igi lọ ni."

Kẹ́hìndé ò ya fọ́tò rí. Ojú ọmọ inú tíréè yẹn ló jọ tirẹ̀, òun ni màmá fi ń rí i. Ojú tì mí, mo bá tèmi lọ.

Kò pẹ́ tí mo fi bá tíréè náà ní Takie. Táíwò ló gbé e wá tà fún bàbá náà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra. Gbogbo tíréè tí mo kó wá lọ́jọ́ náà ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá oníṣòwò ti ní kí ayàwòrán kan tún ojú ọmọ náà kùn kí ó lè tà, lójú tèmi ó tún wá rẹwà sí i.

Tayọ̀tayọ̀ ni mo gbé e padà sí Ọ̀yọ́. Màmá fi ìka tọ́ ojú àwòrán náà, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ta nìyí?"

"Kẹ́hìndé ni, mà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n da ojú tíréè náà dé sílẹ̀, wọ́n wá sọ ohun tí a kì í sọ.

"Kẹ́hìndé kú. Ọmọ mi ti kú."

Mo ti fi òwò tíréè sílẹ̀ tipẹ́. Àmọ́ bí ẹnìkan bá sọ fún mi lónìí pé ìbejì òun wá igi lọ, mo máa ń jókòó tì í díẹ̀. Mi ò jẹ́ bèèrè ìgbà tó máa dé.