Bí Mo Ṣe Pín Wáyà Ilé Ìwòsàn Wa Sí Méjì

Yàrá káàdì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Bódìjà, mo sì ti lo ọdún mẹ́rìnlá níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, èmi ni màá kọ́kọ́ kí i, màá béèrè orúkọ rẹ̀, màá fún un ní nọ́ńbà, màá sì wá fáìlì rẹ̀ jáde. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà ní kí n máa tẹ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì kọ́ ọ. Àmọ́ àwọn wáyà búlúù tó ń gba ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wọnú ògiri lọ, n kò bi ara mi léèrè rí pé ibo ni wọ́n ń lọ. Ọkùnrin kan ló máa ń bá wa mójú tó wọn. Nígbà tó yá, ó kó ìyàwó àtọmọ, ó lọ sí Kánádà.

Ọjọ́rú kan ni bàbá káfíńtà kan láti Baṣọ̀run sin ìyàwó rẹ̀ wá. Ará Ṣakí ni wọ́n, Ìgbòho sì ni àwọn òbí tèmi ti wá, nítorí náà a máa ń kí ara wa dáadáa. Ìyàwó yìí ní kókó kan ní ọmú, wọ́n ti gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ èsì rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Dókítà kò tíì rí i. Nọ́ọ̀sì mú ìyàwó wọlé láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọkọ sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń tẹ fóònù. Kò pẹ́ tó fi dìde wá sídìí tábìlì mi.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Wáì-fáì yín ni mo fẹ́ fi wo ìròyìn. Kí ni mo wá tẹ̀ tí orúkọ ìyàwó mi fi jáde?”

Mo wò ó. Èsì àyẹ̀wò gbogbo àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ló tò sílẹ̀ lójú fóònù rẹ̀, bí èmi fúnra mi ṣe tò wọ́n, orúkọ tẹ̀ lé orúkọ. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọrọ, mo pa á, mo sì dá a padà. Mo bi í bóyá ó ti ṣí ìkankan níbẹ̀. Ó ní òun ò ṣí nǹkan kan, àmọ́ ilẹ̀kùn tí ìyàwó rẹ̀ gbà wọlé ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo ròyìn fún Dókítà. Ó jáde wá, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa wáyà Wáì-fáì àwọn aláìsàn yọ lára ògiri.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, tọkọtaya náà padà wá gbọ́ èsì. Kókó náà kò léwu rárá. Ìyàwó jáde pẹ̀lú omijé ayọ̀, ó gba ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn lọ, ọkọ sì dúró sídìí tábìlì mi, kò lè kúrò níbẹ̀.

Ó ní, “Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́sí. Mo ṣí i. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ló le. Mo rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, mo rò pé àìsàn burúkú yẹn gan-an lórúkọ rẹ̀. Láti Ọjọ́rú, mi ò lè wo ojú ìyàwó mi.”

Ọ̀rọ̀ tó rí yẹn gan-an ni àwọn dókítà fi ń sọ pé kókó kò léwu. Mo ṣàlàyé fún un, ó mi orí, ó tún ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ méjì gbáko ni baálé ilé fi ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò ṣàìsàn, èmi sì ni mo tẹ ìwé tó kà.

Ọkùnrin tó wà ní Kánádà ti sọ fún Dókítà lórí fóònù pé inú àpótí kan náà ni wáyà tiwa àti ti àwọn aláìsàn ti ń pàdé. Ó ní súwíìṣì ni wọ́n ń pe àpótí náà, kí a ra èyí tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Lójú tèmi, ohun tí a fi ń tan iná ni súwíìṣì. Dókítà wò mí, ó ní, “Nínú gbogbo wa níbí, ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà jù.” Bí iṣẹ́ ṣe di tèmi nìyẹn. Ní Dùgbẹ̀, ẹni tó ń tà á gbé méjì tó jọra síwájú mi, ó ní ọ̀kan kàn ń pín nǹkan kiri ni, pé èkejì gbọ́n díẹ̀. Mo béèrè irú ọgbọ́n tó ní. Ó ní ohun tí mo bá ti sọ fún un ló máa ṣe. N kò rántí béèrè bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí a ti kógbá wọlé lọ́sàn-án, mo jókòó tì í. Ohùn ni ọkùnrin Kánádà náà ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, díẹ̀díẹ̀, bí àyè bá ṣe gbà á níbi iṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ni: “Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ dá Fílánù méjì sílẹ̀.” Fúlàní ni mo gbọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Fúlàní náà ló ń jẹ́. Mo rò pé bóyá àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wà ní Sábó, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kí n wá Fúlàní méjì. Nígbà tí mo mú un dé ọ̀dọ̀ Dókítà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì ni, VLAN, pé bí ìgbà tí èèyàn mọ ògiri tí kò ṣeé fojú rí sáàárín ilé kan ni. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n. Ó ní ibi tí òun mọ̀ ọ́n dé nìyẹn.

Ihò mẹ́jọ ni àpótí náà ní. Intánẹ́ẹ̀tì ń gba ihò kìíní wọlé, kọ̀ǹpútà wa wà ní ihò kejì dé ìkarùn-ún, Wáì-fáì àwọn aláìsàn sì wà ní ìkẹfà. Mo ṣí ojú-ewé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀, mo fún tiwa ní nọ́ńbà mẹ́wàá, mo fún tàwọn aláìsàn ní ogún, mo sì mú ihò kọ̀ọ̀kan sínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà T àti U wà níwájú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin Kánádà ní kí n mú U fún gbogbo wọn, mo mú U. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú fóònù mi. Èsì àyẹ̀wò ṣì wà níbẹ̀ kedere.

Mo padà, mo wò ó títí. Mo rí i pé gbogbo ihò ló ṣì wà nínú ẹgbẹ́ kìíní tí àpótí náà gbé wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, mo ní bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Mo yọ ihò kọ̀ǹpútà ti èmi fúnra mi kúrò níbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ojú-ewé náà kú. Mo ti ti ara mi mọ́ta. Mo ní láti fi ìkọ́ yẹtí mi tẹ ihò bíńtín kan tó wà lẹ́yìn àpótí náà kí ó tó gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohùn mìíràn dé. Ó ní ojú-ewé kan ṣì kù. Ó ní èyí tí mo ṣe tẹ́lẹ̀, ibi tí nǹkan lè jáde sí nìkan ló ń sọ. Pé ojú-ewé kejì ni mo ti máa sọ nọ́ńbà tí wọ́n máa fún ohunkóhun tó bá gba ihò kọ̀ọ̀kan wọlé. Ó ní, “Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ń fún èèyàn ní nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, Àǹtí?” Ìyẹn yé mi. Mo fún ihò wa ní mẹ́wàá, mo fún tàwọn aláìsàn ní ogún. Ó ní kí ihò kìíní wà nínú gbogbo ẹgbẹ́, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà ní oókan, ó sọ ìdí rẹ̀, mo ní ó ti yé mi. Kò yé mi. Àmọ́ nígbà tí mo padà sórí bẹ́ǹṣì, intánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, mi ò sì rí èsì kankan. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n mú iná lọ láàárọ̀, ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n sì mú un dé. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo ní kí n kàn yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì gbogbo èèyàn ló tún tò sójú fóònù mi. Mo pa fóònù, mo tàn án. Mo yá ti nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n wà. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan láti Sátidé, n kò sì mọ ohun tó fà á. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n yọ wáyà náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ronú kan bàbá Baṣọ̀run, mo sì lọ kanlẹ̀kùn Dókítà.

Nígbà tí a pe ọkùnrin Kánádà, ìbéèrè kan péré ló bi wá: ṣé mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí àpótí náà lè fi ohun tí a ṣe pamọ́? Mi ò mọ̀ pé irú ibẹ̀ wà. Àpótí náà gba gbogbo ohun tí mo sọ fún un, àmọ́ kò kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí iná lọ, ó gbàgbé. A tún un ṣe, a fi í pamọ́, Dókítà fúnra rẹ̀ sì fà á yọ lára iná, ó tún tì í bọ̀ ọ́ kí a tó dán an wò. Ó dúró. A tún fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sí fáìlì wọ̀nyẹn, èyí tó yẹ ká ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Dókítà wá ní kí n mú ìwé orúkọ wá. Ó pe gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa láàárín ìgbà tí iná dé sí aago méjì, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Gbogbo wọn ní àwọn ò rí nǹkan kan. Màmá kan ní fóònù òun ò tilẹ̀ mọ Wáì-fáì. Lẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn, Dókítà gbé fóònù sílẹ̀, ó bi mí bóyá mo gbà wọ́n gbọ́. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní òun náà ò mọ̀. Mo ti yàrá káàdì, mo wọ ọkọ̀ Máíkírà lọ sí Àgbowó. N kò mọ̀ bóyá ìbàlẹ̀ ọkàn ni tàbí ẹ̀rù ló kún inú mi délé.