Àlejò Inú Àpótí Bọ́ọ̀nsì

"Ẹ jáde! Gbogbo yín pátá, ẹ kó ẹrù yín, ayálégbé tuntun ti dé!"

Màmá àgbà ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, gbàm-gbàm, àwọn aáyán sì ń tú jáde lábẹ́ rẹ̀ bí èrò ọjà tí òjò ká mọ́ ìta. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo gbá ike kan mọ́ àyà. Ọmọ òjòlá kan ló wà nínú ike náà, ejò àkọ́kọ́ tí mo ní láyé mi, ó ká jọ roboto bí òṣùká.

Àbúrò màmá mi tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì ló fún mi. Ó ní kò lóró, pé ohun tó ń fẹ́ kò ju ibi tó móoru, ibi tó lè sá pamọ́ sí, omi, àti ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo sì ti fẹ́ràn ejò yẹn ju àwọn àbúrò mi lọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi wo inú ike náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Mò ń lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá dé tí nǹkan yìí ò tíì ní ilé tirẹ̀, tàbí tí mo bá gbọ́ pé ó jáde síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àdá ló máa bá a sọ̀rọ̀." Bàbá mi kì í fi àdá ṣeré. Ní Òkòkòmáíkò wa, ta ló ń rí ejò tí kì í wá igi?

Mo sunkún lọ bá màmá àgbà, ìyá bàbá mi. Wọ́n ti ta bọ́ọ̀nsì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní fàráńdà ilé wa kó tó di pé èéfín iná di ọ̀tá ojú wọn. Àwọn tó ń ti Ìyànà-Ìbà bọ̀ nírọ̀lẹ́ kì í kọjá láìyà. Látìgbà tí wọ́n ti ṣíwọ́, bàtà àtijọ́ là ń kó sínú àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi ń pàtẹ. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi tán. Wọn ò ké "yéè", wọn ò sọ pé ejò ò dáa. Wọ́n kàn ní, "Kó bàtà kúrò níbẹ̀."

Bí omi gbígbóná ṣe kan pákó àpótí náà, òórùn òróró àti ṣúgà àtijọ́ gba gbogbo ilé, itọ́ sì ń yọ lẹ́nu mi. Wọ́n gé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, wọ́n kàn án mọ́ àwọn ihò ẹ̀yìn tí ooru bọ́ọ̀nsì máa ń gbà jáde. A da yanrìn tí a ti sá sóòrùn sí i, a gbé abọ́ omi kalẹ̀, wọ́n sì da ìdajì ìkòkò tó fọ́ dé sí kọ̀rọ̀ kan.

"Ẹni tí ò bá níbi tó lè forí pamọ́ sí," ni wọ́n wí, "gbogbo ayé ni yóò máa bá jà. Kí ló ń jẹ?"

"Eku ni, mà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé èyí tó ń jẹ gààrí mi, àbí òmíràn?"

Àgádágodo ti wà lára àpótí náà tẹ́lẹ̀. Nítorí èmi àti àwọn àbúrò mi ni wọ́n ṣe rà á. Gílóòbù tó ń mú bọ́ọ̀nsì gbóná náà ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n fàráńdà nìkan ni a ti lè so wáyà rẹ̀ mọ́ iná, nítorí náà a gbé àpótí padà sí àyè rẹ̀ àtijọ́. Kò sí ẹni tó rántí nínú àwa méjèèjì pé bí iná bá tàn nínú àpótí yẹn nírọ̀lẹ́, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní ládùúgbò wa: bọ́ọ̀nsì ti jinná.

Iná dé. Ejò mi yọ sábẹ́ gílóòbù, ó ká jọ sáàárín yanrìn, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán. Sójà kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ló kọ́kọ́ yà, ọkùnrin fìrìgbọ̀n.

"Màmá wa! Ẹ ti padà sídìí iṣẹ́, ẹ ò ránṣẹ́ pè mí!" Ó fi imú kan gíláàsì. "Èyí tó tóbi yìí ni tèmi o. Abeg, ẹ má tà á fẹ́nì kankan."

Kí n tó lanu, bọ́ọ̀nsì náà gbé orí sókè, ó wò ó, ó yọ ahọ́n sí i.

Fìlà sójà bọ́ sílẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn, ó fo fẹ́ńsì bí ẹni tí wọ́n ń yìnbọn lé. "Ejò o! Ejò ti jáde nílé Màmá!"

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe gbọ́ "jáde" báyìí, wọ́n ti gbé àdá. Mo dì mọ́ àpótí, mo ń ké pé kí wọ́n má pa á. Màmá àgbà sì jáde wá, wọ́n ń ró ìró wọn, wọ́n dúró sáàárín ọmọ wọn àti àpótí náà.

"Wò ó dáadáa. Ṣé àgádágodo ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ejò ńkọ́?"

"Ó wà nínú ẹ̀."

"Ta ló wá jáde?"

Bàbá mi wo fìlà tó wà nílẹ̀, wọ́n wo fẹ́ńsì. "Sójà ni, mà."

"Lọ fi àdá bá sójà sọ̀rọ̀."

Bàbá mi gbìyànjú láti fajú ro, kò ṣeé ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ejò náà lò lọ́dọ̀ wa kí àbúrò màmá mi tó wá mú un lọ.

Ìgbà tí màmá àgbà kú ni mo ń sọ fún bàbá mi bí àyà ìyá wọn ṣe le tó, tí wọn ò bẹ̀rù ejò. Bàbá mi wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìyá mi? Wọ́n rí okùn nílẹ̀ wọ́n á ké. Gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn, orí àga ni wọ́n ń sùn, wọ́n á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Wọ́n ní tí mo bá sọ fún ọ, àwọn ò ní dárí jì mí." Èmi tí mo rò pé orúnkún ló ń dùn wọ́n! Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí a sin wọ́n lọ.

Ọmọ mi obìnrin ń sin ọmọńlé báyìí. Ejò ò bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n ọmọńlé? Ara mi á bú gàgà. Síbẹ̀ èmi ni mo lu ihò sí ìdérí ike rẹ̀, èmi ni mo sì ń pa eṣinṣin fún un. Bí ọmọ bá bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń sùn lórí àga, màá ní orúnkún ló ń dùn mí.