Abíyá Gáùn Madam Mirela

Ọjọ́ tí Madam Mirela kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Eccles, nítòsí Manchester, mo rò pé síìpù ló fẹ́ kí n pààrọ̀. Ohun tí àwọn òyìnbó sábà máa ń gbé wá nìyẹn, síìpù tàbí ṣòkòtò tó gùn jù. Ìyá àgbà náà fa gáùn ṣẹ́dà pupa kan yọ nínú ọ̀rá. Ó ní Dobcross lórí òkè lọ́hùn-ún lòun ń gbé, pé olórin lòun tẹ́lẹ̀, òun sì fẹ́ kọrin ìdágbére ní Manchester lọ́jọ́ Sátidé. Gáùn yẹn náà lòun fẹ́ wọ̀, kì í ṣe òmíràn, kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Aránṣọ kì í lè mójú kúrò lára aṣọ. Mo yí inú rẹ̀ síta, mo rí i pé oríṣiríṣi ọwọ́ ló ti tún un ṣe. Òwú dúdú níhìn-ín, òwú àwọ̀ wúrà lọ́hùn-ún. Ẹnì kan rán tirẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹlòmíì sáré dì í gbàgbà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

"Mama, ta ló ṣe gbogbo èyí?"

Ó ń fìka tọ́ka sí wọn. "Èyí, Lisbon. Èyí, Hamburg. Ìyẹn, Naples, ẹkún ni obìnrin yẹn ń sun bó ṣe ń rán an, ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀." Ó ní ibi tóun bá ti lọ, èdè wọn lòun fi ń kọrin, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ń pe òun ní ọmọ àwọn.

N kò lè pa á mọ́ra. "Nínú gbogbo èdè yìí, èwo gan-an ni tiyín?"

"Èyí tí èèyàn bá ti bá mi gbè, tèmi ni."

Mo ní kó wọ gáùn náà wò. Síìpù wọlé geere. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Abẹ́òkúta kì í gbé aṣọ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé onítọ̀hún na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń yin Olúwa. A máa ní, "Aṣọ tí kò jẹ́ ká gbọ́wọ́ sókè, àpò ìrẹsì ni." Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oldham tí mò ń ránṣọ fún ti mọ̀ mí mọ́ ọn, kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbọ́wọ́ sókè ṣe Halelúyà.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ sókè."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní bí òun ṣe máa ń parí eré òun nìyẹn, ọwọ́ méjèèjì lókè, àmọ́ òun ti sanra sí i. "Bí mi ò bá lè gbé e, orin ò tíì parí." Ó rọra gbé e. Fàà! Abíyá méjèèjì ya.

Ó jókòó, ó ní òun á pe àwọn tó ṣètò eré náà lórí fóònù pé òun ò wá mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Wọn ò hun irú ṣẹ́dà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ ni àdìrẹ tó ṣẹ́ kù lára bùbá mi, mo sì mú un wá.

"Búlúù lára pupa?"

"Mama, Lisbon fi òwú dúdú sí i, ẹ ò bá wọn jà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, fi tìrẹ náà sí i."

Mo gé e ní igun mẹ́rin, mo rán an sí abíyá lọ́tùn-ún lósì, bí ọ̀gá mi ṣe máa ń ṣe fún àwọn alára ńlá.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó fi mí jókòó sọ́wọ́ iwájú. Gbọ̀ngán kún, àwọn àgbàlagbà ń bá a gbè ní àwọn èdè tí n kò gbọ́. Kí n má purọ́, n kò gbádùn orin kankan. Abíyá ni mo ń wò. Bí orin ìkẹyìn ṣe ń lọ sópin, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó gbé e dé òkè pátápátá. Àdìrẹ hàn gedegbe, ojú ìrán dì í mú.

Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn mi rọra fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n jọ̀ọ́ sọ ọwọ́ mi méjèèjì kalẹ̀, òun ò rí iwájú.