Ẹ Jẹ́ Ká Kó Wọn Pọ̀ Ná

Bí mo bá ti ń kánjú, ohùn ọ̀gá mi obìnrin ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wa ní Àgídìngbì ni mo máa ń gbọ́: "Ẹ fara balẹ̀ ná." Ọmọ Èkìtì ni wọ́n. Láyé ológun yẹn tí kálukú ń jágbe, àwọn kì í pariwo.

Lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó gbé àkọsílẹ̀ ìlera gbogbo òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ń jí. Kò sí ẹ̀dà mìíràn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké là ń fi wáyà kó lọ sínú tuntun. Títí di ọ̀sán, a ò tíì kó ìdajì.

Mánẹ́jà figbe ta: "Ẹ má dúró o!"

Ọ̀gá mi dá iṣẹ́ náà dúró. "Ẹ má bínú, sà. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ń dúró gbàyè kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ ká di gbogbo wọn sínú ẹyọ kan ṣoṣo."

Wọ́n jókòó, wọ́n tẹ àṣẹ náà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹyọ ńlá náà kọjá kí a tó ṣíwọ́. Lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò jí mọ́.

Mánẹ́jà wá dúpẹ́, ọ̀gá mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ti tú ẹrù náà sínú kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n ń ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí wọn káàbọ̀.