Àmín Orí Afárá

Ìyá ọkọ mi kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú mọ́tò. Bí a bá ti kúrò nílé wa ní Austell tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí a dé orí afárá odò, wọ́n á di bẹ́líìtì mú, wọ́n á dijú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ̀rù omi ń bà wọ́n.

Bàbá òyìnbó àdúgbò wa sọ pé rélùwéè kékeré àti mọ́tò ló jọ ń gba orí afárá náà nígbà kan. Nígbà tí rélùwéè kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n kàn da ọ̀dà bo irin rẹ̀. Irin yẹn ti yọ ní ìparí afárá, táyà wa á sì sọ gbì! Ibẹ̀ ni Màámi ti ń ṣe àmín.

"A ti sọdá. Ìyàwó, tan rédíò ẹ."

Nígbà tó yá, wọ́n wó afárá náà, wọ́n kọ́ tuntun tó ń dán. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbà á, àdúrà ò dúró títí a fi wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Atlanta. Mo ti pa mọ́tò kí wọ́n tó la ojú kan.

"Ṣé a ò tíì sọdá ni?"

"A ti sọdá tipẹ́, Mà."

Inú bí wọn. "Ta ló ní kí wọ́n hú irin yẹn?"

Màámi ti papò dà. Èmi nìkan ni mò ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Bí mo bá ti gun afárá, àdúrà wọn á bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo máa ń wọ aṣọ nọ́ọ̀sì mi tán ní ọsibítù kí n tó rántí pé n ò tíì ṣe àmín.