Ọjọ́ Tí Mo Ya Ọkọ̀ Kúrò Nínú Ìdíje

Nílé-ẹ̀kọ́ ológun tí mo lọ, ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ kankan kò já mọ́ nǹkan. Bí mo ṣe rí i nígbà náà nìyẹn, bí mo sì ṣe ń rí i títí dòní nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mo ti dàgbà jù láti máa bínú. Àwọn ẹgbẹ́ akànṣẹ́ ní tábìlì tiwọn níbi tí a ti ń jẹun. Àwọn ẹgbẹ́ ayìnbọn ní tiwọn. Wọn á gbé wọn lọ díje ní ìlú mìíràn, wọn á wọ báàjì tuntun padà, àwa yòókù á sì máa ro koríko pápá ní gbogbo Sátidé bí ẹlẹ́wọ̀n. Lọ́dún àkọ́kọ́ mo gbìyànjú ẹgbẹ́ akànṣẹ́. Ọmọ Òkè Ọya kan fi ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo tẹ́ mi sílẹ̀, kí n sì tó lajú, wọ́n ti pe ẹlòmíràn. Níbi ìbọn, ẹni tó ń yàn wá ní ojú mi kì í dúró sójú kan. Ọdún kejì ni àǹfààní ìkẹyìn, torí wọn kì í gba ọmọ ọdún kẹta sínú ẹgbẹ́ mọ́.

Ìgbà tí wọ́n wá kéde ẹgbẹ́ atukọ̀, tí wọ́n ní etí ọ̀sà ní Ajah ni wọn yóò ti dán wa wò, mo rẹ́rìn-ín sínú. Ajah ni wọ́n bí mi sí. Láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, ní àárín àwọn ọdún 1970, iyanrìn àti àgbọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé onígéètì ló bò ó báyìí, àwọn ìdílé onílẹ̀ tó tà á sì ń san owó ilé fún àjèjì. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sí Èkó. Kí n tó di sílétì mú ni mo ti ń di àjẹ̀ mú. Bí wọn ò bá mú mi níbi omi, níbo ni wọn yóò ti wá mú mi? Ìyá mi ti ròyìn rẹ̀ ká gbogbo èbúté pé ọmọ òun ló máa ṣíwájú. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ fún lèmọ́ọ̀mù.

Ọ̀gá tó wà nídìí ẹgbẹ́ náà jẹ́ Yorùbá bíi tèmi, ṣùgbọ́n ará òkè ni, kò sì mọ lúwẹ̀ẹ́. Á dúró lórí iyanrìn gbígbẹ, bàtà rẹ̀ á máa dán, á wá fi igi kékeré ya bí wọ́n ṣe ń tukọ̀ sílẹ̀ fún wa. Ó ya á fún èmi náà. Ó ní bí mo ṣe ń di àjẹ̀ mú kò bá ìwé mu. Mo ní, “Yẹs sà,” mo pa ọwọ́ dà. Bí ọkọ̀ bá ti jìnnà sí i tán, màá tún dì í mú bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Ó ń bí mi nínú gidigidi, àmọ́ mo gbé e mì. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Èèyàn méjì ló ń wọ ọkọ̀ kan. Ẹnìkejì mi jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ó ga, apá rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹ̀rù omi ń bà á débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a wọkọ̀. Èmi ni mo mú un. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó tí ọkọ̀ kò fi ní dojú dé. Nírọ̀lẹ́, mo kọ́ ọ lúwẹ̀ẹ́ níbi tí omi ò ti jìn. Mo mú un délé, ìyá mi fún un ní ẹ̀kọ àti ẹja sáwá díndín, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní òun ti rí ìyá kejì. Kí ìdánwò tó dé, kò sí ọkọ̀ tó lè bá tiwa mọ́.

Òfin ìdánwò náà kò le láti mọ̀. A ó gbéra láti ibùdó tí ilé-ẹ̀kọ́ pàgọ́ sí létí ọ̀sà, a ó lọ yí òpó kan tí wọ́n so àsíá pupa mọ́ po lọ́ọ̀ọ́kán abúlé àwọn apẹja, a ó sì padà. Àwọn tó bá kọ́kọ́ dé ni ẹgbẹ́ yóò mú. Ẹni tó bá yà kúrò lójú ọ̀nà, ó ti bọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ tí a sì ń lò, ti àwọn apẹja yẹn kan náà ni. Ilé-ẹ̀kọ́ ló yá a lọ́wọ́ wọn, èyí tó dára jù níbẹ̀ ni wọ́n sì kó.

Àwa la kọ́kọ́ yí òpó náà po. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn wa. Ibi tí mo ti ń tukọ̀ padà ni mo ti gbójú sókè, tí mo rí obìnrin kan tó dúró sínú omi dé orúnkún, tó na àjẹ̀ sókè, tó so gèlè rẹ̀ mọ́ orí àjẹ̀ náà.

Lọ́dọ̀ wa, bí omi bá gbé èèyàn, aṣọ ni wọ́n máa ń so mọ́ orí àjẹ̀ báyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i, tó sì wà nínú ọkọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí fún ọjọ́ náà. Ẹni tó ń fa àwọ̀n á jù ú sílẹ̀. Ẹni tó ń kó ọjà lọ á já a sétí omi. Kò sẹ́ni tó ń bẹ ẹnikẹ́ni, wọn kì í sì í ṣe ọpẹ́ rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ ilé tó kàn.

Nítorí náà, mo ṣe ohun tí ọmọ Ajah èyíkéyìí yóò ṣe. Mo gbé àjẹ̀ mi sókè, mo kígbe sí àwọn tó wà lẹ́yìn pé omi ti gbé èèyàn, kí wọ́n yà síbí. Mo wí i ní Yorùbá, mo tún un wí ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo sì ya ọkọ̀. Ẹnìkejì mi bi mí pé kí lò ń ṣe, a ti gbà á tán, kí lo tún ń wá lọ? Mo ní kó máa tukọ̀. Ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó ń tukọ̀.

Mi ò wẹ̀yìn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n wẹ̀yìn. Ìgbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ obìnrin náà ni mo tó yíjú padà, mo sì rí gbogbo ọkọ̀ wọn tí wọ́n ń kọjá lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹrí ba, àjẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò bí ọ̀gá ṣe ya á sórí iyanrìn. Àwọn kan wò wá. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo kọjú sí omi.

Apẹja àgbàlagbà kan ni omi gbé, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré. Ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n rí tó ń léfòó, àwọ̀n rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó kù tí wọ́n fi ń wá a, èyí tó ń jò ló pọ̀ nínú wọn, torí àwọn tó le wà lọ́wọ́ wa. Mo ń mòòkùn títí etí fi ń dùn mí. Ẹnìkejì mi ń darí ọkọ̀, ó ń sọ ibi tí òun rò pé òun rí òjìji. Nígbà tí oòrùn kọjá àtàrí, ọ̀pá tí ọkùnrin kan fi ń wá inú omi bá òkú náà lára ọgbà igi tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, a sì gbé e wá sí èbúté.

Obìnrin tó na àjẹ̀ sókè yẹn ni ìyàwó rẹ̀. Ó ti sunkún tán. Ó wo ṣòkòtò ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nídìí wa, ó sì kí wa kú iṣẹ́.

“Mo rí yín láàárọ̀, ẹ pọ̀ lójú omi,” ó ní. “Àwọn yòókù ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé a ti rí i, kí wọ́n sinmi.”

Kò fi bú wa. Ó rò pé apá ibòmíràn ni wọ́n ti ń wá ọkọ òun ni. Mo ní a máa sọ fún wọn, ìyá. Ọmọ Ìbàdàn wo ilẹ̀. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun Alásárì, a sì dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi bo ilẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá pe ẹnìkejì mi lọ́tọ̀, kó tó wá pe èmi náà. Kò pariwo mọ́ mi. Ohun tó tún bí mi nínú nìyẹn, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé kò sí ẹni tó tó wa nínú wọn, òun sì nílò wa. Òfin ní ẹni tó bá yà ti bọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ omi ló gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, a lè tún un wà lọ́jọ́ kejì.

“Ẹnìkejì rẹ ti sọ pé omi ló gbé yín,” ó ní. “Ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀, ká parí ẹ̀.”

Mo wo ọmọ Ìbàdàn. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Mo mọ̀ pé ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́, mímọ̀ yẹn kò sì mú ìbínú mi rọlẹ̀. Ọ̀gá mọ òtítọ́, èmi mọ̀ ọ́n, gbogbo ibùdó ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹnì kan kú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè ẹni tí í ṣe. Orúkọ mìíràn tí wọn yóò máa pe ohun tí mo ṣe nìkan ni wọ́n ń wá, kí ó lè rí bí àṣìṣe. Mo sì fẹ́ báàjì yẹn. Mo fẹ́ ẹ gidigidi.

“Ẹni tí omi gbé lónìí, a ti sin ín, sà,” mo ní. “Omi ò gbé èmi. Èmi ni mo yà.”

Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n máa lọ. Mo dé ẹnu àgọ́, mo yí padà, mo ní ìyàwó olóògbé rán wa níṣẹ́. Ó ní ká sọ fún àwọn yòókù pé wọ́n ti rí ọkọ òun, kí wọ́n sinmi. Mo kí i bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi ẹlòmíràn sí ipò mi nínú ọkọ̀, wọ́n tún un wà, ọmọ Ìbàdàn sì wọlé sínú ẹgbẹ́.