Sọ́ńdè Kan Tí Mo Fi Kérésìmesì Rà

Bàbá mi kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà kó tó wá kí wa ní Mitchellville. Èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá ló mọ̀, àìmọye ìgbà ló sì ti pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há ní pápá ìṣeré n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì kì í jẹ́ kéèyàn sinmi lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Kò pẹ́ tí bàbá tó ń fi gbogbo ọ̀sán tòògbé lórí àga fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú rẹfirí níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ ọ̀hún kò sì dáa rárá. Wọ́n ń fìdí rẹmi débi pé àánú ẹni tó bá wọ ẹ̀wù wọn wá síbi iṣẹ́ máa ń ṣe mí.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ fi dé. Nínú eré yìí, ọdọọdún làwọn ẹgbẹ́ máa ń tò láti yan àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ̀, ẹgbẹ́ tó bá ṣe burúkú jù ló sì máa ń kọ́kọ́ yan. Ẹgbẹ́ mìíràn ní akọni agbábọ́ọ̀lù kan tí wọ́n fẹ́ fún wa, àmọ́ ẹ̀tọ́ àtiyan tiwa, ti ọdún bíi mélòó kan tó ń bọ̀, ni wọ́n fẹ́ gbà dípò rẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n gbà, àwọn kan ní kí wọ́n má gbà. Ní wọ́ọ̀dù ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn méjì nínú wa yan ara wọn lódì nítorí rẹ̀.

"Àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó fún wọn yìí," bàbá mi bi ọmọ mi, "ṣé wọ́n ti mọ̀ wọ́n?"

"Rárá, Grandpa. Àwọn míì ṣì wà ní high school. Nobody knows them yet."

Bàbá dìde jókòó dáadáa. "Wọ́n wá ń fi ẹni tí wọn ò tíì rí ra ẹni tí wọ́n rí."

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ yìí nílùú yìí, mi ò sì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọkùnrin kan wà níbì kan báyìí tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, tí ìyá rẹ̀ ń bá wí pé kò fọ abọ́, àwọn àgbà tí kò mọ orúkọ rẹ̀ sì ti ń fi í dúnàá dúrà. Ẹnu yà mí. Mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn nígbà tí mo ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ọmọ mi ní kí wọ́n má ta ẹ̀tọ́ àtiyan náà, kí gbogbo wa ní sùúrù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, torí mo fẹ́ràn kéèyàn tọ́jú nǹkan de ọ̀la. Bàbá mi ní kí wọ́n tà á kíákíá.

"Ìwọ lè dúró," ó sọ fún un. "Èmi ń lọ sílé lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá màá tún lè gun bàálù wá. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i kí wọ́n borí, lẹ́ẹ̀kan péré."

 Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú egungun.

Eré kan ṣì kù tí wọ́n máa gbá ní pápá wọn ní Landover kí bàbá mi tó lọ, ó sì bọ́ sí Sọ́ńdè tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwa nọ́ọ̀sì, pàṣípààrọ̀ la fi ń gbé ayé: bá mi ṣe Fúráìdè mi, kí n bá ọ ṣe Ọdún Àjíǹde. Àmọ́ ta ló fẹ́ fi Sọ́ńdè sílẹ̀? Mo bẹ obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń ti Accokeek wá ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, Sọ́ńdè kẹ̀?" ó ní. "Christmas yín ni màá gbà o. Ẹ fi New Year sí i."

Mo ní kó máa kó wọn lọ. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Kérésìmesì ni ọjọ́ èmi àti ọmọ mi. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wò mí títí.

"Mummy, so you traded my pick. Ọjọ́ tèmi lẹ tà yẹn," ó ní, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Bàbá mi wọ kóòtù tí ọkọ mi fi sílẹ̀ lọ sí pápá, ó fi fìlà abetí ajá lé e. Nígbà tí àwọn èrò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà wa. Orí mi wú. Ẹgbẹ́ tó ti ń já wọn kulẹ̀ látọdún yìí wá, òun náà ni wọ́n ń kọrin fún nínú òtútù yẹn. Bàbá arúgbó kan wà níwájú wa tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó ń kọ́ ọ ní orin náà. Bàbá mi ń wò wọ́n ju bó ṣe ń wo eré lọ. Ẹgbẹ́ wa fìdí rẹmi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n borí. Ọmọ mi sunkún, bàbá mi sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí pápá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Nígbà tí ọmọ mi lọ gbé ọkọ̀ wá, bàbá mi ní, "Kí wọ́n má tà á mọ́. Kí wọ́n fi àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀ fún ọmọ rẹ. Òun ló máa wò wọ́n."

Bàbá mi padà sílé. Ẹgbẹ́ náà kò sì ta nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ọmọ mi gbé ìrẹsì wá bá mi ní ọsibítù lásìkò ìsinmi mi. A jókòó sí káfẹtẹ́ríà, a ń jẹun.

"They should have traded it," ó sọ lójijì. "Gbogbo ẹ̀. Kí Grandpa lè rí i ká wín."

Mo wá sọ ohun tí bàbá mi sọ lọ́jọ́ yẹn fún un. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mú fóònù, ó ń pe bàbá mi n'Íbàdàn.